Ilẹ̀ Tí Mo Fi Ẹnu Jogún

Nínú gbogbo ẹni tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò ní ìpínlẹ̀ Iowa, n kò tíì rí ẹni tí tirẹ̀ jìn tó tèmi. Èmi tiẹ̀ tún fọwọ́ sí i, mo kọ déètì sí i.

Ọdún 1979 ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún àkọ́kọ́ níléèwé àwọn lọ́yà, èmi ni mo sì gba máàkì tó ga jù nínú ẹ̀kọ́ òfin ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀kọ́ náà ṣe rí, nítorí òun ló kó bá mi. Olùkọ́ wa á kọ gbólóhùn kan sójú pátákó: "Mo fi ilẹ̀ mi fún Áńnà títí ọjọ́ ayé rẹ̀, lẹ́yìn náà kó di ti Bẹ́ńì." Iṣẹ́ tiwa ni ká sọ irú ẹ̀tọ́ tí oníkálukú ní. Áńnà á máa jẹ ilẹ̀ náà títí yóò fi kú, àmọ́ kò lè há a fún ẹlòmíì bó bá ń lọ. Bẹ́ńì kò tíì lè fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, síbẹ̀ ilẹ̀ ti di tirẹ̀ láti òní lọ. Ikú Áńnà nìkan ló ń dúró dè. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá fi ọ̀rọ̀ kékeré kan kún un, pé "kó di ti Bẹ́ńì bí ó bá ti gbéyàwó," ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyẹn. Bẹ́ńì kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́ àfi ìrètí. "Bí" kan ṣoṣo yẹn ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ní kó lọ máa wojú sánmà.

Kò sí irú "bí" tó lè sá pamọ́ fún mi. Mò ń gbóòórùn rẹ̀ láti òkèèrè bí ajá ṣe ń gbóòórùn egungun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á wá sí yàrá mi kí n là á yé wọn, èmi náà á gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, màá máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe òfin náà.

Ìdílé tiwa náà ní ilẹ̀. Bàbá àgbà mi, Palmer Rostvold, ló ni oko kan ní apá àríwá Iowa, tó ní màlúù oníwàrà, oko àgbàdo, àti igbó óákù kan, igi líle tí wọ́n fi ń kọ́lé, lẹ́yìn òkè. Nígbà tó kú lọ́dún 1961, ìyàwó rẹ̀ Gunda ló ń jẹ oko náà. Bestemor ni gbogbo wa ń pè é, nítorí láti Norway ni àwọn bàbá wa ti wá, orúkọ tí à ń pe ìyá àgbà nìyẹn. Àwa ọmọ-ọmọ kò ju méjì lọ, èmi àti Ardis, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Ardis fi ọdún kan jù mí lọ. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tó wá ń gbé lọ́dọ̀ Bestemor, láti ìgbà náà ló sì ti ń fún wàrà màlúù ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ìbáà ṣe yìnyín, ìbáà ṣe ibà. Èmi ńkọ́? Ìlú ńlá ni èmi ń gbé, níbi tí bàbá mi ti ń ta ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ìgbà Kérésìmesì ni mo máa ń wá sí oko. Mò ń wá jẹun ni.

Nínú oṣù karùn-ún ọdún yẹn, mo ní kí n lọ lo ìsinmi lóko. Kí n tó débẹ̀, mo yà sí kóòtù àgbègbè náà, mo ní kí wọ́n fún mi ní ìwé ńlá tí wọ́n da ìwé ìhágún bàbá àgbà mi kọ sí. Obìnrin tó ń tọ́jú ìwé fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá, nítorí ó wúwo bí ọmọ màlúù. Mo ṣí i, mo sì rí ọ̀rọ̀ náà nísàlẹ̀ ojú ìwé: "Mo fi oko mi fún ìyàwó mi Gunda títí ọjọ́ ayé rẹ̀, lẹ́yìn náà kó di ti àwọn ọmọ-ọmọ mi."

 Kò sí "bí" kankan níbẹ̀! Áńnà ni Bestemor, èmi àti Ardis ni Bẹ́ńì. Ìdajì oko náà ti jẹ́ tèmi láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún mi. Mo da ọ̀rọ̀ náà kọ, mo pa ìwé dé.

Obìnrin náà ní, "Ṣé o ti kà á tán?"

Mo ní, "Mà, irú ọ̀rọ̀ yìí kì í pẹ́ẹ́ kà fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí mo dé oko, mi ò bá Bestemor nílé. Inú igbó óákù ni mo ti rí i, ó mú ẹfun lọ́wọ́, ó ń sàmì sára àwọn igi tó tóbi jù. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, ó rí tín-ín-rín, ó wọ sòkòtò ọkọ rẹ̀ tó ti kú.

Mo ní, "Bestemor, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń yan igi. Òrùlé ilé màlúù ń jò, àwọn òpó ẹ̀ sì ti jẹrà. Mẹ́jọ á tó."

"Ẹ ò lè gé wọn o."

Ó yíjú sí mi. "Ta ló ní n ò lè gé wọn?"

"Òfin ni, Bestemor."

"Ibo ni òfin ọ̀hún ń gbé? Ṣé ó ti bá wa dé ibí rí?"

Mo bá bẹ̀rẹ̀. Mo ṣàlàyé Áńnà, mo ṣàlàyé Bẹ́ńì. Mo ní ẹni tó ń jẹ ilẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀ lè jẹ èso orí igi, àmọ́ kò gbọdọ̀ gé igi gan-an, nítorí igi jẹ́ ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo pè é ní ìbàjẹ́ ilẹ̀. Ó fetí sí mi dáadáa, ẹfun wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyẹn ni pé ìwọ lo ni àwọn igi yìí."

"Ìdajì wọn ni, Bestemor."

"Ìdajì wo? Tòkè ni àbí tìsàlẹ̀?"

Ìgbà yẹn ni Ardis gbé garawa wàrà kọjá, tó gbọ́ èyí tó gbọ́. Ó ní, "Lee, ṣé ebi ń pa ọ́ ni?" Ó rò pé ebi ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Ẹni tó bá ní ọgbọ́n díẹ̀ á ti dákẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ òfin ni èmi ní, mi ò ní ọgbọ́n. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mo mú wá láti ìlú sílẹ̀, mo tẹ lẹ́tà kan, mo sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife kọfí ìyá àgbà mi. Mo ṣì rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́: "Èmi, Leland Rostvold, ẹni tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí oko yìí ti dúró gbọn-in, fi àkókò yìí kìlọ̀ fún Gunda Rostvold, ẹni tí ẹ̀tọ́ tirẹ̀ kò kọjá ọjọ́ ayé rẹ̀, pé kó jáwọ́ nínú gígé igi." Ẹ wò ó, obìnrin tó ń gbé mi sùn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, òun ni mò ń rán létí pé yóò kú.

Bestemor wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á láti òkè dé ilẹ̀. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá nǹkan kù. Ó ká a sínú báàgì rẹ̀.

Ó ní, "Wọ bàtà ẹ. À ń lọ sílùú."

Ọ́fíìsì lọ́yà Grindeland ló mú mi lọ, lókè ilé ìtajà ìṣó àti irinṣẹ́. Bàbá yìí ló kọ ìwé ìhágún Palmer fún un lọ́dún 1958. Ó ti di arúgbó, irun imú rẹ̀ pọ̀ ju ti orí rẹ̀ lọ. Ó gba lẹ́tà mi, ó kà á sókè ketekete bí ẹni tó ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

"Ta ló kọ èyí?"

Mo nàró. "Èmi ni, sà."

"O kú iṣẹ́. Gbogbo àmì ìdánudúró ló wà níbi tó yẹ." Ó fa dúrọ́ọ̀ kan yọ, ó mú ẹ̀dà tirẹ̀ jáde. "Ẹ jẹ́ ká ka ohun tí Palmer sọ. 'Mo fi oko mi fún ìyàwó mi Gunda títí ọjọ́ ayé rẹ̀, lẹ́yìn náà kó di ti àwọn ọmọ-ọmọ mi…'"

Mo mi orí sókè sódò bí ẹni tó ń gbọ́ orin tó mọ̀.

Bàbá náà tọ́ ìka rẹ̀ lá, ó ṣí ojú ìwé kejì. "'…bí wọ́n bá ń gbé lórí oko náà, bí wọ́n bá sì ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ rẹ̀, lọ́jọ́ tí Gunda bá kú.'"

 Nísàlẹ̀, mo ń gbọ́ tí ẹnì kan ń da ìṣó sínú ike.

"Ó yá, lọ́yà," ni Grindeland wí. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Irú ẹ̀tọ́ wo lo ní?"

 "Ìrètí ni, sà."

"Irú ìrètí wo?"

"Èyí tó so mọ́ 'bí', sà."

"'Bí' mélòó?"

"Méjì, sà. Bí mo bá ń gbé lóko, àti bí mo bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

"Ṣé ò ń gbé lóko?"

"Rárá, sà."

"Ṣé o lè fún wàrà?"

Bestemor ló dáhùn ìyẹn fún mi. "Ó gbìyànjú lọ́dún kan. Màlúù náà ṣàìsàn."

Kò tíì tán. Bàbá náà bi mí bóyá wọn kò kọ́ wa níléèwé pé ẹni tó ń jẹ ilẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀ lè gé igi tó tó láti fi tún ilé orí ilẹ̀ náà ṣe, pé òfin yẹn dàgbà ju orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lọ. Mo rántí. Wọ́n kọ́ wa. Ọjọ́ Ẹtì kan ni, ọjọ́ tí mo lọ wo bọ́ọ̀lù.

"Gunda, ṣé kí n kọ èsì sí lẹ́tà yìí?"

"Má wulẹ̀ ṣèyọnu," ni Bestemor wí. "Mo ní èsì tèmi nílé. Á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọ̀la."

Èsì náà ní eyín. Ayùn ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi gé igi óákù mẹ́jọ tí mo ti sọ pé tèmi ni. Èyí àkọ́kọ́ wó síbi tí mi ò ní kó wó sí, ó sì fọ́ ọgbà màlúù, a fi odindi ọ̀sán lé àwọn màlúù kúrò nínú oko àgbàdo aládùúgbò. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Ardis fi òróró tí wọ́n fi ń ra ọmú màlúù pa á fún mi. Ó ní ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún ọmú kò ní ṣàìṣiṣẹ́ fún ọwọ́ akọ̀wé. Lálẹ́, Bestemor á fi ọ̀dùnkún ṣe lefse, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ilẹ̀ Norway, á fi bọ́tà àti ṣúgà sí i, á kó méjì tó kún jù síwájú mi, kò sì ní sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹ̀yin á rò pé mo kọ́gbọ́n. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́, orí lọ́yà kò sinmi. Bí mo ṣe ń fa ayùn, mo rí i pé ihò kan wà nínú ìwé bàbá àgbà. Bí kò bá sí ọmọ-ọmọ kankan lóko lọ́jọ́ tí Bestemor bá kú ńkọ́? Palmer kò sọ. Ohun tí ẹni tó ni ilẹ̀ kò bá sì fi fún ẹnikẹ́ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń padà sí, bó tilẹ̀ ti wà nínú sàréè, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì pín in. Ọmọ méjì ni Palmer bí, ìyá Ardis àti bàbá mi. Èmi nìkan ni bàbá mi sì bí. Gbogbo ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: kí Ardis kó ẹrù rẹ̀ kúrò lóko.

Mo búra fún ara mi pé mi ò rò ó ní ti ibi. Mo kàn ń ṣe ìdánrawò ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkùnrin kan wá jẹun ọ̀sán Sunday lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ìsìn.

Conrad Bjerklie ni orúkọ rẹ̀. Ó ń tún ẹ̀rọ oko ṣe ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní òdìkejì ààlà. Ó tóbi, ojú ń tì í, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ó sọ ní gbogbo ọ̀sán náà, méjì nínú wọn sì jẹ́ "ẹ ṣé". Mo wo bó ṣe ń wo Ardis. Ọkàn mi fò sókè. Minnesota!

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó yin Conrad tó mi. Bí Ardis bá ń fún wàrà, màá ní, "Ẹni jẹ́jẹ́ ni Conrad yìí o." Bó bá ń fọ garawa, màá ní, "Wọ́n ní afẹ́fẹ́ Minnesota dára fún ara." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dé Minnesota rí, mo sì bì níbẹ̀. Mo tún yin adágún omi wọn, ọ̀nà wọn, yìnyín wọn. Bí Conrad fúnra rẹ̀ bá dé, màá fa àga fún un, màá bi í nípa ilé tó ń gbé, bóyá yàrá rẹ̀ pọ̀. Ọkùnrin náà á kàn máa wò mí tìfuratìfura.

Lọ́jọ́ Sunday kẹta, nígbà tí Conrad ti lọ, tí àwa mẹ́ta ṣì jókòó nídìí oúnjẹ, Bestemor gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Leland, ò ń yin ọkùnrin yìí bí ẹni tó fẹ́ ta màlúù arọ. Kí ló wà níbẹ̀ fún ọ?"

"Kò sí nǹkan kan, Bestemor. Mo kàn fẹ́ kí Ardis láyọ̀ ni."

"Ní Minnesota."

Mo nawọ́ sí búrẹ́dì.

"Ìwọ rò pé ìwọ lo kọ́kọ́ rí ihò yẹn? Lọ́dún tí Palmer kú ni Grindeland ti fi hàn mí. Bí ilé bá ṣófo lọ́jọ́ tí mo bá kú, bàbá ẹ á pín níbẹ̀. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń jẹ ilẹ̀ yìí títí ọjọ́ ayé mi, ọmọ yìí. Ìwọ kà á nínú ìwé ni. Inú ẹ̀ lèmi ń sùn."

Ardis wò mí. Mo ń retí kó rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń ṣe. Kò rẹ́rìn-ín. "Lee, ṣé òótọ́ ni?"

Níléèwé, wọ́n kọ́ wa ní ọ̀nà mọ́kànlá tí èèyàn fi lè dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láìdáhùn. Gbogbo wọn fò lọ lórí mi. "Òótọ́ ni," ni mo wí.

Ó kó àwo rẹ̀, ó jáde.

Mo jókòó títí. Bestemor kò lé mi, kò sì tù mí nínú. Ó ń fi búrẹ́dì nu àwo rẹ̀. Nígbà tó yá, mo dìde lọ sí ilé màlúù. Ardis jókòó lórí àpótí, ó gbé iwájú orí ti ìhà màlúù kan, ó ń fún un. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n mú wá síwájú adájọ́.

"Ardis, má bínú. Ìwà ẹran ni mo hù."

"Má bú ẹran níbí," ló wí, kò yíjú padà. Wàrà ń dà ṣàà ṣàà sínú garawa. "Kì í ṣe ti ilẹ̀ ló dùn mí. O lè bi mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo fi ń sọ̀rọ̀ adágún omi. O kàn lè bi mí pé, 'Ardis, ṣé o fẹ́ kúrò níbí?'"

"Ṣé o fẹ́ kúrò níbí?"

"Rárá."

"Conrad wá ńkọ́?"

"Conrad ló ń kó bọ̀ níbí. Ó ti bá Bestemor sọ ọ́ láti oṣù tó kọjá." Ó yíjú sí mi wàyí, mo sì rí i pé ẹ̀rín ti fẹ́ máa bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀rù ẹ ló ń bà á tí ò fi tíì sọ ọ́ lójú ẹ. Ó ní lọ́yà kan wà nílé yìí tó ń yin òun lójoojúmọ́, ó dá òun lójú pé ẹjọ́ lonítọ̀hún ń wá."

Mo jókòó sórí koríko gbígbẹ, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà mo béèrè bóyá ó lè kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fún wàrà. Ó ní òun kò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí màlúù kankan.

Wọ́n ṣègbéyàwó nínú oṣù kẹwàá. Èmi ló kó àga wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà ló kó o jáde. Bestemor tún lo ọdún mẹ́tàdínlógún sí i. Òwúrọ̀ kan nínú oṣù kẹta ọdún 1996 ni ó kú, níwájú dígí, níbi tó ti ń ya irun rẹ̀. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún.

Nígbà náà, mo ti di lọ́yà ní ìlú kan tí kò ju ìrìn wákàtí kan lọ sí oko. Ardis ní èmi ni kí n kọ ìwé tí kóòtù máa fi gbà pé ilẹ̀ ti di tirẹ̀. Ìwé náà ní àyè kan tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ gbogbo ọmọ-ọmọ, àti ìdí tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fi ní ẹ̀tọ́. Mo kọ orúkọ mi síbẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ síwájú rẹ̀ pé kò gbé lóko, kò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Mo rò pé màá rẹ́rìn-ín bí mo bá ń kọ ọ́. Dípò ìyẹn, mo ń rántí obìnrin tó wọ sòkòtò ọkọ rẹ̀, mo sì ní láti dúró kí ojú mi mọ́ kí n tó fọwọ́ sí i.

Oko wá di ti Ardis pátápátá, láìsí "títí ọjọ́ ayé", láìsí "bí". Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó ní kí n wá kọ ìwé ìhágún tòun náà. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Ojú ìwé mẹ́sàn-án ni, ó rẹwà: mo ro ti ọkọ tó bá fẹ́ ìyàwó míì, ti ọmọ tó bá lọ sí ìlú òkèèrè, ti ọmọ-ọmọ tí wọn kò tíì bí. Kò sí ihò kankan tí eèrà lè gbà wọlé. Mo gbé e lé orí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun kalẹ̀.

Ardis wọ awò ojú, ó kà á látòkè délẹ̀. Ó mú pẹ́ńsù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa igi lé e. Ó fagi lé ojú ìwé kìíní, ó fagi lé ìkejì. Nígbà tó ṣe tán, ìlà kan ṣoṣo ló kù nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán: "Mo fi gbogbo ohun tí mo ní fún ọmọ mi Karin."

"Conrad, ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?" ló bi ọkọ rẹ̀.

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn," ni Conrad wí láti ẹnu ọ̀nà.

Mo ní, "Ardis, gbọ́ ná. Bí Karin bá ṣáájú ẹ lọ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé…"

"Lee," ló wí, ó ń wo ojú fèrèsé, "àwọn màlúù ti wà lójú títì."

Òótọ́ ni. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáré jáde.